Ohùn Báàsì Nìkan Ló Kù

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ gbé àga onírọ́bà yẹn súnmọ́ ibí, torí etí ọ̀tún mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tómi, ìwọ tí o jẹ́ olórí akọrin, bọ́ síwájú. Ẹ bá mi pa fáànù yẹn, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí n kọ áńtẹ́ẹ̀mù Ọ̀gá Fọlárìn, ọ̀gá akọrin wa àtijọ́, sínú fóònù kí ẹ lè rí i kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ṣeun. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ rántí ọkùnrin náà. Àmọ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé mo ń ṣahun: mi ò ní áńtẹ́ẹ̀mù yẹn. Kò sí ẹni tó ní in mọ́ lórí ilẹ̀ alààyè. Báàsì rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, báàsì nìkan kì í sì í ṣe orin.

Ẹ ń wo ojú ara yín. Sẹ́gun, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ, o fẹ́ sọ pé wàá bá mi wá kọ́ọ̀dù sí i lórí kíbọ́ọ̀dù. Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ náà jìn ju ibẹ̀ lọ. Inú sì ń bí mi lónìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń wá sí mi lẹ́nu.

Níbi tí ẹ to àwọn sípíkà dúdú gàgàrà yẹn sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù onípáìpù ló wà níbẹ̀ nígbà tiwa. Páìpù mìíràn ga kan àjà, òmíràn ò ju ìka ọwọ́ mi yìí lọ. Bí Ọ̀gá Fọlárìn bá fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ǹṣì á máa gbọ̀n lábẹ́ wa. Inú ikùn la ti máa ń gbọ́ ọ kó tó dé etí. Reluwé wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe wà dòní. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àlùfáà á dá ìwàásù dúró, á máa nu gíláàsì ojú rẹ̀ títí yóò fi lọ tán. Àmọ́ bí dùùrù bá ń dún lọ́wọ́, ọkọ̀ kọjá ni o, kò kọjá ni o, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ̀rín ń pa mí. Lọ́jọ́ Ìkórè kan, alángbá kó sí ìdí ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà, kò jẹ́ kí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè padé mọ́. Ni páìpù bá ń ké búùùù. Ọ̀gá gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù, páìpù ń ké. Àlùfáà gun orí àga ìwàásù, páìpù ṣì ń ké. Ìyá kan níwájú ti gbé ọwọ́ sókè, ó rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wa. Ọ̀gá bọ́ bàtà, ó ká kásọ́ọ̀kì rẹ̀ sókè, ó gun àkàbà níṣojú gbogbo ìjọ, ṣòkòtò péńpé tó wọ̀ sábẹ́ sì ti ya nídìí! Ó fa alángbá náà yọ ní ìrù, ó jù ú síta lójú fèrèsé, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì tẹ Àmín. A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ sórí sọ́púlísì, aṣọ funfun akọrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sítáàṣì lọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni bínú. Orin nìkan ló máa ń bí ọkùnrin yẹn nínú.

Ó kó àwòrán àwọn òyìnbó àtijọ́ tó kọ orin ńláńlá, ó fi wọ́n kọ́ ara ògiri yàrá tí a ti ń wọṣọ. Orúkọ wọn le lẹ́nu wa, a bá sọ wọ́n lórúkọ fúnra wa. Èyí tó bí ogún ọmọ, Bàbá Ọlọ́mọ Yọyọ là ń pè é. Èyí tí etí rẹ̀ di tó sì tún ń kọ orin lọ, Bàbá Adití ni. Èyí tó sanra, tí irun àlẹ̀mọ́ rẹ̀ bo èjìká, Bàbá Onírun. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbà á lẹ́nu wa, ó wá ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà agboolé wọn ní Iléṣà. “Bàbá Adití ò ní gba ìranù yẹn o.” “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí lọ́dọ̀ Bàbá Ọlọ́mọ Yọyọ.” Bí a bá kọ orin ọ̀kan nínú wọn dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi, a ò ní tíì bọ́ṣọ tó fi máa lọ dúró níwájú àwòrán ẹni náà, á tẹrí ba, á ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà máa ń tò sẹ́yìn rẹ̀ tẹrí ba, àwa báàsì pẹ̀lú orógbó lẹ́nu.

Tísà ló ń ṣe ní Yábàá níbí, àmọ́ orin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá yẹn ṣe pẹ̀lú èdè tiwọn ló fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Ó kọ áńtẹ́ẹ̀mù Ìkórè kan, òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Ìlú Èkó. Ọdún kejì, kó tó kan ọjọ́ Ìkórè tiwa, wọ́n pè é síbi Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó jókòó, ni wọ́n bá dìde kọ áńtẹ́ẹ̀mù rẹ̀ fún un gbọ́, látòkèdélẹ̀, ọ̀gá akọrin wọn sì ń tẹrí ba bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Wọ́n ti wá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n yọ́ bébà orin wa mú, wọ́n dà á kọ. Ọ̀gá Fọlárìn dé, kò jẹun. Ó ní, “Wọ́n jà mí lólè lọ́sàn-án gangan.” Láti ọjọ́ yẹn ló ti búra pé bébà ò ní rí orin òun mọ́. Ó ní bébà lẹ́sẹ̀.

Ohun tó wá ń ṣe rèé, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo orin náà wà. Tírẹ́bù lọ́jọ́ tiwọn, áátò lọ́jọ́ tiwọn, tẹ́nọ̀ lọ́jọ́ tiwọn, àwa báàsì lọ́jọ́ tiwa. Yóò kọ dò-rè-mí tí ó jẹ́ ti yín sára pátákó, ẹ ó máa kọ ọ́ títí yóò fi wọ̀ yín lára. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, yóò mú àkísà tútù, yóò nù ún dànù. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ohùn ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kọ tirẹ̀ níta. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá ku ọ̀la nìkan la tó máa ń pa ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, fèrèsé á wà ní títì, a ó máa làágùn bí ẹran. Tẹ́nọ̀ kan wà tó ń súfèé ohùn tírẹ́bù nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò. Ọ̀gá ń kọjá lọ, ó gbọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú akọrin títí di Kérésìmesì. Ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, Ọ̀gá ní kò sóhun tó jọ ọ́.

Àwa fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. A rò pé ọgbọ́n ni. Ta ló máa jí ohun tí kò sí níbi kan?

Áńtẹ́ẹ̀mù tí ẹ wá béèrè yìí, fún ọjọ́ Àjíǹde ló ṣe é, nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn. Inú Sáàmù ló ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ẹ rò ó wò, èmi tí mo wà nínú rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí. Bí ẹ bá ń kọ báàsì lábẹ́ Ọ̀gá, ẹ ò gbọdọ̀ fetí sí ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tó bá ti ń gbádùn orin ti kúrò nídìí iṣẹ́. Iye ìlù tí a fi máa dákẹ́ la máa ń kà, pẹ̀lú ibi tí a ó ti wọlé. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí a parí, ìjọ ò ṣe Àmín. Àwọn obìnrin ń fi gèlè nu ojú. Alhájì Mùfú, aládùúgbò wa tó ń ta pátì mọ́tò ní Ládìpọ̀, dúró sí ara ọgbà níta, ó di irin géètì mú, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ọdọọdún ló máa ń wá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ó ní òun ò bá ti ẹ̀sìn wá, orin náà lòun bá wá.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Kò yí lọ́jọ́ kan. Dùùrù ń fẹ́ àtúnṣe, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kú. Eku bí sínú rẹ̀. Wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Wọ́n ra ìlù òyìnbó. Ọjọ́ tí wọ́n tú àwọn páìpù yẹn, àwọn onírin àlòkù láti Ìjọra ló wá kó wọn, wọ́n dì wọ́n sínú ọkọ̀ akẹ́rù bí igi ìdáná. Ọ̀gá Fọlárìn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Èmi ni mo fà á wọlé, torí òòrùn ń pa á. Àwọn àwòrán yẹn ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n kun yàrá náà ni wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n kó wọn sí. Mi ò rí Bàbá Adití mọ́.

Kí lo sọ, Tómi? Ẹ ń ṣe háámónì? Háámónì wo? Gbogbo yín dìde, ẹ ń fò, ẹ ń ṣán ọwọ́, ohùn kan náà lẹ̀ ń kọ, ẹni tí kò bá ká ohùn òkè ló ń wá ibi tó rọ̀ sí. Kì í ṣe èébú. Ẹ ní ohùn, mo gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ yín ni.

A sì bẹ Ọ̀gá o! Ẹ má rò pé a ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí akọrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí àwọn kan bá ọmọ wọn lọ sí Kánádà, mo lọ bá a nílé, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.” Ó ní, “Mú ohùn mẹ́rin wá fún mi, n ó kọ́ wọn láàárọ̀ ọ̀la.” Mo ní kò sí ohùn mẹ́rin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Nígbà náà, ta ni mò ń kọ ọ́ fún?” Orí ẹ̀ le! Ọdún ń gorí ọdún, ó ń dúró de ohùn mẹ́rin. Ó máa ń wọ súùtì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó sẹ́yìn, á máa wo ẹnu yín.

Lọ́dún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá ọ̀tún kú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdí-Àràbà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí mi, ó gbé ọwọ́ òsì, ó na ìka mẹ́rin. Yéwándé, ọmọ rẹ̀, ní, “Dádì mi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àná, sà. A ti gbé ẹ̀kọ mẹ́rin wá, wọn ò jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní bóyá aago mẹ́rin ni wọ́n ń bi wá.” Mo ní, “Yéwándé, ohùn mẹ́rin ni.” Ọ̀gá di ojú, omi jáde níbẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ orin rẹ̀ kó tó lọ. Ohun tó fẹ́ nìyẹn, kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn kiri. Gbogbo tẹ́nọ̀ ló ti kú, kò ku ẹyọ kan. Áátò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ wà ní Kánádà. Wọ́n bá mi pè é lórí fídíò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo rántí pé mo máa ń la ẹnu lẹ́yìn yín. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni mi ò rántí.” Ó ku tírẹ́bù. Tírẹ́bù ló sì ni ojú orin. Àǹtí Bísí wà ní Sùúrùlérè lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, òun ló ń ṣíwájú tírẹ́bù láyé ọjọ́un. Ọmọ náà ti kìlọ̀ fún mi pé ìyá òun ò mọ ẹni tó ń bọ̀ mọ́. Mo jókòó tì í, mo ní, “Bísí, Àjíǹde.” Ẹ gbọ́ o, ó na ọrùn, ó la ẹnu, ohùn náà sì jáde! Kò gbó. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́, ó ń wọ èkejì, àfi bó ṣe yà sí orin ìpolówó ọṣẹ tí wọ́n máa ń kọ nínú rédíò. Mo ní kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún dé, ọṣẹ. Mo sáré pe ọmọ rẹ̀ kó gbé fóònù wá, kó gbà á sílẹ̀. Ìgbà tí Àǹtí Bísí rí fóònù yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún Ọ̀gá o. Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kọ ọ́ níta.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní Ọ̀gá ló rán mi. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, Ọ̀gá kì í ránni níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò la ẹnu mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ tó bí, òfin Ọ̀gá Fọlárìn ló rántí. Èyí tó kọ yẹn, kí n tó délé, ó ti lọ lórí mi. Wọn ò kọ́ mi ní tírẹ́bù láyé mi, etí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú.

Mo tún ya ilé Alhájì Mùfú. Mo ní òun ló ń dúró níta, òun ló ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, bóyá ó lè kùn ún fún mi. Bàbá náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó ronú títí. Ó ní, “Mo rántí pé mo sunkún. Mo rántí aṣọ tí mo wọ̀. Orin yẹn gan-an ló ti lọ.” Ó ní kí n má bínú, bí ẹni pé òun ló gbé e sọnù.

Bí mo ṣe padà sí Ìdí-Àràbà ní èmi nìkan nìyẹn. Ojú Ọ̀gá wo ẹ̀yìn mi bóyá àwọn yòókù ń bọ̀. Ojú tì mí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan ni.” Mo dìde dúró bó ṣe kọ́ wa, mo sì kọ báàsì. Àwọn aláìsàn tó wà nítòsí ń wò mí, torí báàsì tí wọ́n bá dá kọ dà bí ẹni tó ń ráhùn. Ọ̀gá ń fi ọwọ́ òsì lu ìlù rẹ̀ lórí aṣọ ibùsùn. Mo dé àárín, ibi tí báàsì ti máa ń dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn yòókù lè kọ tiwọn. Mo dákẹ́, mo ń kà nínú. Mo rò pé yóò dá ọwọ́ dúró, àmọ́ kò dá a dúró. Ó di ojú, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó gbé e sókè níbi kan, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ tú yẹ́ẹ́. Ó ń gbọ́ wọn! Tírẹ́bù, áátò, tẹ́nọ̀, gbogbo wọn pé síbẹ̀, ó ń gbọ́ wọn, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà orin náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kígbe pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń dún? Kò lè dá mi lóhùn. Ó na ọwọ́ sí mi pé àsìkò mi tó, mo wọlé, mo kọ ọ́ dé òpin.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kú. Yéwándé ní ó kú pẹ̀lú àlàáfíà. Ó ṣeé ṣe. Èmi ò ní àlàáfíà kankan.

Kí ni, Tómi? Sọ̀rọ̀ sókè. O ní, “Dádì, ibi tí báàsì ti dákẹ́ yẹn ńkọ́, kí la máa ṣe níbẹ̀?”

Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá ti gbé pósí rẹ̀ wọlé, n ó dìde, n ó kọ báàsì mi. Àwọn èèyàn á rò pé ọpọlọ bàbá yìí ti ń yẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mo dákẹ́, mi ò gbàgbé o, mò ń kà ni. Sẹ́gun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má pariwo halelúyà. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni orin náà wà. Ẹ̀yin ò ní gbọ́ ọ, èmi náà ò ní gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ọ la fẹ́ lọ sin yẹn.